Àlejò tó di òpó ilé: kàtúùnù tí Michael Jackson fi ohùn rẹ̀ sí

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Michael Jackson fúnra rẹ̀ tẹ Matt Groening láago. Groening ló dá The Simpsons sílẹ̀, kàtúùnù ìdílé aláwọ̀ ìyeyè tí tẹlifíṣọ̀n Fox ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde fún ìdajì wákàtí láti oṣù Kejìlá ọdún 1989. Bart, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí etí rẹ̀ di sí ìbáwí, ló wọ Jackson lójú. Ó ní òun fẹ́ kọ orin kan fún Bart tí yóò gba ipò kìíní, òun sì fẹ́ wọnú kàtúùnù náà fúnra òun.

Nínú iṣẹ́ ìtàn kàtúùnù kíkọ tiwa yìí, irú ìpè bẹ́ẹ̀ là ń gbàdúrà fún. Kàtúùnù ṣì ń fi ẹsẹ̀ kọ́lẹ̀, olórin tí gbogbo ayé mọ̀ sì ń kan ilẹ̀kùn pé kí wọ́n jẹ́ kóun wọlé. Ta ni yóò ní kó padà? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpè yẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀, títí dé ọdún 2019 tí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara wọn gbé e kúrò lójú ayé. Ẹjọ́ Jackson kọ́ ni mo wá dá. Ibi tí wọ́n fi àlejò jókòó sí nínú ìtàn ni mò ń wò, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Orin ló kọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kejì 1991, orin ijó tí Bart kọ gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Orúkọ Bryan Loren ni wọ́n kọ sí i pé òun ló ni ín. Jackson ò lè fi orúkọ tirẹ̀ sí i nítorí àdéhùn tó wà láàárín òun àti iléeṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde. Ó di ọdún 1998 kí Groening tó sọ ọ́ síta pé ọwọ́ Jackson wà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àlejò yìí ti wà nínú ilé láìsí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn orin ló kan apá kàtúùnù tí Jackson wọ̀, èyí tí wọ́n pè ní Stark Raving Dad. Al Jean àti Mike Reiss ni wọ́n kọ ìwé eré rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n ya Michael Jackson bó ṣe rí, kó wá sí Springfield, ìlú inú kàtúùnù náà, kó jó, kó kọrin, kó máa lọ sílé rẹ̀. Wọn ò gba ibẹ̀. Ìdí ìfọṣọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fìlà pupa Bart kó sáàárín aṣọ funfun bàbá rẹ̀, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì Homer sì di pínńkì. Homer wọ ọ̀kan lọ síbi iṣẹ́, níbi tí gbogbo èèyàn ti wọ funfun. Àwọn ọ̀gá rí i, wọ́n ní àfàìmọ̀ kí orí ẹni yìí má pé. Wọ́n fún un ní ìwé ìbéèrè kó lọ dáhùn nílé. Ó gbé e fún Bart pé kó bá òun kọ ọ́, Bart sì kọ ohun tó wù ú. Bí Homer ṣe dèrò ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ nìyẹn. Ẹni tó bá nínú yàrá tí wọ́n fi í sí jẹ́ òyìnbó gìdìgbà kan, ó ga, ó sanra, ó ń fi ohùn tín-ín-rín sọ pé òun ni Michael Jackson.

Leon Kompowsky lorúkọ ọkùnrin náà. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn Jackson gan-an ni. Homer ní tirẹ̀ kò gbọ́ orúkọ Michael Jackson rí láyé, nítorí náà kò rí ohun tó yẹ kó ya òun lẹ́nu.

Bí mo bá ń bá ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀, ibí ni mo máa ń dúró sí jù. Etí òǹwòran gbọ́ ẹni tó mọ̀, ojú rẹ̀ rí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dápàárá. Àwọn tó kọ ọ́ tún bọ́ lọ́wọ́ wàhálà tó máa ń bá ẹni tó bá fi gbajúmọ̀ ṣe àlejò, ìyẹn ni pé kí kàtúùnù di rárà kíkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá jẹ́ Jackson fúnra rẹ̀ ni wọ́n yà, ta ni yóò gbà kí wọ́n fi í sílé wèrè? Ta ni yóò gbà kí aráàlú hó lé e lórí? Leon lè gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí Bart tú àṣírí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Michael Jackson ń bọ̀ nílé àwọn, tí gbogbo ìlú tú síta, tí ọkọ̀ dúró, tí òyìnbó gìdìgbà sọ̀kalẹ̀, ìbínú aráàlú yẹn gan-an ni adùn eré náà.

Nígbà tó yá, Leon sọ òtítọ́ ara rẹ̀. Bíríkìlà ni, ará Paterson ní New Jersey. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni inú ń bí i. Lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé fi ohùn Michael Jackson sọ̀rọ̀, ó rí i pé àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sóun, ló bá kúkú wà bẹ́ẹ̀. Ohùn gbígbórín tó fi sọ̀rọ̀ nígbà tó padà sí ara rẹ̀, ohùn Hank Azaria, ọ̀kan lára àwọn òṣèré kàtúùnù náà, ni.

Jackson, àlejò náà, ní àbá tirẹ̀. Òun ló ní kí Bart máa sọ fún gbogbo ìlú pé Michael Jackson ń bọ̀ nílé àwọn. Ó ní kí wọ́n yọ àpárá kan tí wọ́n fi olórin Prince dá, kí wọ́n fi Elvis Presley dá a. Ó sì ní kí ibì kan wà tí Bart àti ẹni tí òun ń sọ̀rọ̀ fún yóò ti jókòó kọ orin pọ̀. Gbólóhùn kékeré ni ìkẹta yìí, ṣùgbọ́n òun ló yí ilé náà padà.

Nísàlẹ̀ gbogbo ariwo ilé wèrè àti ṣẹ́ẹ̀tì pínńkì yẹn, ìtàn Lisa ni apá yìí ń sọ. Lisa ń pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdọọdún ni Bart ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti ṣèlérí pé òun ò ní gbàgbé. Ariwo Michael Jackson dé, ó gbàgbé. Lisa ní òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ta ni yóò wá tún un ṣe? Leon ni. Òun ló rí ẹkún ọmọ náà, òun ló fà á lé Bart lọ́wọ́, òun àti Bart ni wọ́n jókòó kọ orin tí wọ́n fi jí Lisa. Orin náà fúnra rẹ̀, Jackson ló kọ ọ́.

Ẹ wá wò ó. Bí ìwé eré náà bá fi Leon mọ sílé ìwòsàn, àlejò ni: ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó lè máa lọ. Pẹ̀lú orin yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkàn ìtàn wà. Wọ́n ti fi àlejò ṣe òpó àárín ilé. Mi ò rò pé òǹkọ̀wé kankan nínú wa ni ìbá kọ̀ fún un, torí àbá náà dára. Ibi tí Bart ti ń kọrin fún àbúrò rẹ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ó sì ṣì ń wọ̀ mí lọ́kàn.

Jackson ò fọwọ́ sí ohunkóhun títí wọ́n fi ka ìwé eré náà sí i létí. Ilé Sandy Gallin, mánéjà rẹ̀, ni wọ́n ti kà á. Dan Castellaneta tó ń sọ̀rọ̀ fún Homer fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́. Al Jean sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé kò sẹ́ni tó la ẹnu; ńṣe ni gbogbo wọn jókòó, tí wọ́n ń dúró. (Ká ní Yorùbá ni wọ́n, ẹnì kan ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki àlejò kí àkókò lè lọ.) Wọ́n kà á tán, inú Jackson dùn, àmọ́ ó mú àdéhùn kan tí ẹnikẹ́ni ò retí wá: òun yóò sọ̀rọ̀, ẹlòmíì ni kó kọrin. Ó fẹ́ fi bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ṣeré, kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n rò pé òun ni.

Kipp Lennon, tí ohùn rẹ̀ lè jọ ti Jackson, ni wọ́n pè. Jackson dá nìkan wá sí sítúdíò, kò sì wọnú ọkọ̀ ìsinmi pàtàkì tí wọ́n tọ́jú sílẹ̀ fún un. Lennon ní bí òun ṣe ń kọrin ni Jackson ń rẹ́rìn-ín. Títí dòní, ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà kò bára mu lórí ibi tí ohùn Lennon pin sí àti ibi tí ohùn Jackson ti bẹ̀rẹ̀. Jackson ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń ṣe bíi Jackson. Nígbà tó dorí orin, ẹlòmíì tó ń ṣe bíi Jackson ló ń kọrin fún ẹni tó ń ṣe bíi Jackson. Ẹni tó bá yé kó ṣàlàyé fún mi.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1991 ni wọ́n gbé e jáde, apá kìíní nínú ọ̀wọ́ kẹta. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, orúkọ Jackson ò sí níbẹ̀. John Jay Smith ni wọ́n kọ. Àdéhùn iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà ló tún yọjú. Òǹwòran tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn náà wá di ará Springfield: Michael ló ń retí, John Jay Smith ló sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí Jackson gbé fídíò orin tuntun jáde tí Bart àti Homer wà ní ìparí rẹ̀. Aláròjinlẹ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Jackson kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Dustin Hoffman ti fi orúkọ Sam Etic bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kàtúùnù yìí kan náà. Lẹ́yìn ti Jackson, àwọn oníṣẹ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àlejò tí kò bá ní jẹ́ ká kọ orúkọ òun síta, kó jókòó sílé rẹ̀. Òfin yẹn ni èso àkọ́kọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí so, mo sì gbà pé òfin tó dára ni.

Ìṣèlú náà kàn án díẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1992, Ààrẹ George H. W. Bush sọ níwájú àwọn oníwàásù orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé òun fẹ́ kí ìdílé Amẹ́ríkà túbọ̀ jọ àwọn Waltons, ìdílé olùfọkànsìn inú eré àtijọ́ kan tó dá lórí ìgbà ọ̀dá owó, kí wọ́n sì dín jíjọ Simpsons kù. Lọ́jọ́ 30, nígbà tí wọ́n tún apá Jackson yìí gbé jáde, wọ́n ti lẹ èsì mọ́ iwájú rẹ̀: Bart ní àwọn àti Waltons ò yàtọ̀, àwọn náà ṣáà ń gbàdúrà kí ọ̀dá owó kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Ẹni tó bá ti ya kàtúùnù rí mọ iye oorun tó ṣòfò níbẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ mú Leon padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí yóò gbà pé òun ni Prince. Conan O'Brien, òǹkọ̀wé kàtúùnù náà nígbà yẹn, wà lára àwọn tó fọwọ́ kan ìwé eré náà. Prince wò ó, kò wù ú. Ó ní kí wọ́n lo èyí tí dírẹ́bà òun kọ. Wọ́n ní rárá o, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé ó fi hàn pé àwọn èèyàn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún olórin ńlá. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí wọ́n gba ti Jackson. Àbá burúkú rọrùn láti kọ̀. Èyí tó dára tó sì ń ti àlejò wọ àárín gbùngbùn ilé ni kì í jẹ́ kéèyàn fura.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n fẹ̀sùn kan Jackson pé ó ń bá ọmọdékùnrin ṣèṣekúṣe. Ó ní irọ́ ni, ilé ẹjọ́ ní California sì dá a láre lórí gbogbo ẹ̀sùn náà ní oṣù Kẹfà 2005. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 2009. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n ń gbé apá náà jáde, ó sì wà nínú DVD ọ̀wọ́ kẹta tó jáde ní 2003.

Ní oṣù Kẹta 2019, tẹlifíṣọ̀n HBO gbé fíìmù kan jáde tí ọkùnrin méjì ti sọ pé Jackson bá àwọn ṣèṣekúṣe nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ẹbí rẹ̀ àti àwọn tó ń bójú tó ogún rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí James L. Brooks, ọ̀kan lára ọ̀gá The Simpsons, fi sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé àwọn ń yọ apá náà. Groening àti Al Jean fara mọ́ ọn. Brooks ní òun ò nífẹ̀ẹ́ sí kéèyàn máa jó ìwé, àmọ́ ìwé tiwọn ni, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ orí kan kúrò nínú rẹ̀. Al Jean lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní lérò tòun, apá náà wà lára ohun tí Jackson fi ń fa ojú àwọn ọmọdékùnrin mọ́ra. Ó tẹnu mọ́ ọn pé èrò lásán ni, òun ò fojú rí nǹkan kan.

Bó ṣe kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú DVD tuntun nìyẹn. Nígbà tí Disney+, ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, apá kejì ni ọ̀wọ́ kẹta ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè tó máa ń jáde níbí ni pé, ṣé wọn ò lè yọ Jackson nìkan kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀? Ẹ fi wé apá tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 1996, tí Homer bá àwọn olórin rìnrìn àjò. Cypress Hill, Smashing Pumpkins, Sonic Youth àti Peter Frampton wà níbẹ̀, oníkálukú ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ yọ ẹnikẹ́ni tó bá wù yín nínú wọn. Homer ṣì ń fi ikùn gba ọta ìbọn àgbá, ó ṣì ń wá bí òun ṣe máa jọ ọ̀dọ́ lójú ọmọ òun. Àwọn àlejò yẹn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti Jackson ńkọ́? Bí wọ́n bá pa ohùn Leon dà, yóò ṣì máa ní òun ni Michael Jackson. Bí wọ́n bá pa orúkọ dà, àpárá náà kú. Bí wọ́n bá yọ orin, kò sóhun tí Bart fẹ́ fún Lisa. Kò sí ibi tí ọ̀bẹ yóò bá wọlé tí òrùlé ò ní wó.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta ní 1991 ni pé ẹni tí a ń wò kì í ṣe Jackson. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyìn àsọdùn, ó tiẹ̀ gbà wọ́n lọ́wọ́ lọ́yà iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọdún 2019, torí gbogbo ènìyàn ló ti mọ ẹni tó ni ohùn náà. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Èyí fún wọn lẹ́sẹ̀ gan-an fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí ẹni tó ni ín tó wá gbà á lára wọn. Ní tèmi, mi ò bá wọn wí pé wọ́n yọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni iṣẹ́ àwọn tó fọwọ́ ya ṣẹ́ẹ̀tì pínńkì yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá a wọgbó.

Ẹni tó bá fẹ́ pe olórin wá sínú kàtúùnù tirẹ̀ lónìí, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ohùn olórin náà, torí ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ àti ohùn tó fi ń kọrin lè má sí nínú ìwé àdéhùn kan náà, orúkọ rẹ̀ sì tún lè wà nínú òmíràn. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n tó tan makirofóònù, ẹni tó láṣẹ láti yọ iṣẹ́ náà bí ọ̀rọ̀ bá dàrú lẹ́yìn ọ̀la, àti ohun tó máa kan àwọn ayàwòrán. Bí olórin bá mú àbá dáadáa wá, kó gbà á, àmọ́ kó wo ibi tí àbá náà ń gbé olórin lọ: ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, àbí ìdí òpó?

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń mú báírò pupa, mo máa ń fa ìlà sórí gbogbo ọ̀rọ̀ àlejò nínú ìwé eré, kí n tó ka èyí tó ṣẹ́ kù. Mo ti ṣe é fún apá yìí náà láti orí rẹ̀ dé ìdí. Homer jókòó sílé ìwòsàn, kò sí ẹni tó bá a tẹ ilé láago. Ilẹ̀ mọ́, Bart dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Lisa, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Lisa ti jí, ó ń wò ó, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.